Ẹ̀ṣẹ̀ àti Ìdáríjì nínú Èdè Hébérù: Ẹ̀kọ́ Kan láti Ìpàtà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí kò sí ọjọ́ kan tí a kì í pè wọ́n ní kíláàsì: èkíní ni ẹ̀ṣẹ̀, èkejì ni ìdáríjì. Ní òwúrọ̀ a ń pè wọ́n nínú àdúrà. Ní ọ̀sán a ń pè wọ́n nígbà tí pàṣán bá wà lọ́wọ́ wa. Nítorí pé wọ́n ti mọ́ wa lẹ́nu, a rò pé wọ́n ti yé wa. Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjì tí a rán lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní àdúgbò Ìpàtà, ní ìlú Ìlọrin, ti rò pẹ̀lú, títí ọmọ kan fi bi wá ní ìbéèrè, tí ọmọ kejì sì fi omijé kọ́ wa ní èyí tí ó kù. Ohun tí a rí kọ́ nínú ọ̀ràn méjèèjì ni a fẹ́ fi síwájú yín.

ÌBÉÈRÈ ỌMỌDÉ KAN

Ní ọjọ́ kan a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn bí Ísírẹ́lì ti jáde kúrò ní Íjíbítì. A sọ fún wọn nípa ọ̀dọ́-àgùntàn, nípa ẹ̀jẹ̀ tí a fi sí òpó ilẹ̀kùn, àti nípa àjọ ìrékọjá tí Olúwa pàṣẹ. Nígbà náà ni ọmọkùnrin kan dìde, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ní ọjọ́ Mọ́ńdè ẹ sọ fún wa pé ìrékọjá ni ohun tí Dáfídì sunkún lé lórí, tí ó sì bẹ Ọlọ́run kí ó nù ú nù. Èwo wá ni ti àjọ ìrékọjá? Ọlọ́run ha lè pàṣẹ pé kí á máa fi ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọdún bí?”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí a kò ní èsì. A sọ fún ọmọ náà pé kí ó dúró de ọ̀la. Nígbà tí a sì padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìrọ̀lẹ́, a wọ ilé ìkàwé lọ.

Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ. Nínú Bíbélì Yorùbá wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìrékọjá, ni ó dúró fún ọ̀rọ̀ Hébérù méjì tí kò bá ara wọn tan rárá. ‘Pesach’ ni orúkọ àjọ náà. ‘Pesha’ ni orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Lójú ẹni tí ó fi lẹ́tà tiwa kọ wọ́n, wọ́n jọ ara wọn, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà Hébérù mẹ́ta tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ti àkọ́kọ́ nìkan ni ó bá ara mu.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á tìtorí èyí fi àwọn atúmọ̀ ṣẹ̀sín. Ẹ jẹ́ kí á rántí bí Bíbélì Yorùbá ṣe dé ọwọ́ wa. A kó Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, nígbà tí ó wà ní ọmọdékùnrin. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, a sì mú un lọ sí Sàró. Ní 1843 a tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1864 a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Ní 1884, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, odidi Bíbélì parí ní èdè wa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ní ilé àti ní ọjà ni wọ́n lò. Àlùfáà, wòlíì, àdúrà, kèfèrí: láti inú èdè Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti wá, ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá sì ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn. Ará Ìlọrin kò níláti rin jìnnà kí ó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí atúmọ̀ gbọ́n tó, ìkòkò kan kì í gba omi odò mẹ́ta. Èdè Hébérù ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó ṣe pàtàkì fún ẹ̀ṣẹ̀, olúkúlùkù wọn sì ní àwòrán tirẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ MẸ́TA FÚN Ẹ̀ṢẸ̀

Èkíní ni ‘chata’. Èyí ni Bíbélì wa sábà máa ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá fẹ́ rí àwòrán rẹ̀, kí á ṣí ìwé Àwọn Onídàjọ́ 20:16. Níbẹ̀ a kà nípa 700 ọkùnrin ọlọ́wọ́ òsì tí wọ́n lè fi kànnàkànnà sọ òkúta sí fọ́nrán irun kan láìtàsé. Ọ̀rọ̀ tí a lò fún títàsé níbẹ̀ ni ‘chata’. Nínú Òwe 19:2 pẹ̀lú, ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ yára jù ń ‘chata’, èyí ni pé ó ṣìnà. Nítorí náà ‘chata’ ni kí ọwọ́ ènìyàn tàsé ohun tí ó yẹ kí ó bà.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tiwa gba ọ̀nà mìíràn. Láti inú ‘ṣẹ̀’ ni ẹ̀ṣẹ̀ ti jáde: mo ṣẹ̀ ọ́, o ṣẹ̀ mí. Ènìyàn méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó ṣẹ̀ àti ẹni tí a ṣẹ̀. Kì í ṣe pé Hébérù kò mọ èyí. Nínú Orin Dáfídì 51:4, ‘chata’ ni onírora náà lò nígbà tí ó jẹ́wọ́ pé Ọlọ́run gan-an ni òun ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ Yorùbá nìkan yóò kọ́kọ́ béèrè pé, “Ta ni a ṣẹ̀?” Ẹni tí ó mọ Hébérù yóò béèrè pẹ̀lú pé, “Kí ni a tàsé?”

Èkejì ni ‘avon’. Gbòǹgbò rẹ̀ ni kí nǹkan wọ́ tàbí kí ó tẹ̀. Nínú Orin Dáfídì 38:6, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú gbòǹgbò yìí jáde ni aláìsàn náà fi sọ bí ara rẹ̀ ti tẹ̀ ba lábẹ́ ìyà. Àìṣedéédéé ni Bíbélì wa pe ‘avon’, a sì rò pé àwọn atúmọ̀ ṣe é dáradára, nítorí ohun tí kò ṣe déédéé ni ohun tí ó wọ́. Ṣùgbọ́n ‘avon’ ní ohun kan tí àìṣedéédéé kò ní. Kì í ṣe ìwà wíwọ́ nìkan ni ó ń jẹ́; òun náà ni ẹ̀bi tí ó tẹ̀lé ìwà náà, òun náà sì ni ìyà ẹ̀bi náà. Nígbà tí Káínì kígbe sí Olúwa ní Gẹ́nẹ́sísì 4:13, ‘avon’ ni ó ní ó pọ̀ ju èyí tí òun lè rù lọ. Àwọn kan túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, àwọn kan túmọ̀ rẹ̀ sí ìyà, àwọn méjèèjì sì ní ẹ̀tọ́. Ẹni tí ó bá dúró ní ọjà Ìpàtà tí ó wo aláàárù tí ẹrù wúwo wà lórí rẹ̀, bí ọrùn rẹ̀ ti wọ inú èjìká, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀, ti rí ‘avon’.

Ẹ̀kẹta ni ‘pesha’, èyí tí Bíbélì wa pè ní ìrékọjá. Àwòrán Yorùbá ni ti ẹni tí ó ré ààlà kọjá. Àwòrán Hébérù le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì 8:20, Édómù ṣe ‘pesha’, ó yọ kúrò lábẹ́ ọwọ́ Júdà, ó sì fi ọba jẹ fún ara rẹ̀. Ọ̀tẹ̀ ni. Àwa tí a wà ní Ìlọrin kò níláti lọ sí Édómù kí á tó rí irú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, yọ Ìlọrin kúrò lábẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́. Kò sí ẹni tí yóò wí pé Àfọ̀njá tàsé tàbí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó mọ ẹni tí í ṣe olúwa rẹ̀, ó sì kọ̀ ọ́. Èyí ni ‘pesha’.

Òfin Mósè pẹ̀lú kò pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn. Nínú Númérì 15:27 sí 30, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a ṣe fún ẹni tí ó ṣẹ̀ ní àìmọ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ti ẹni tí ó gbé ọwọ́ sókè tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gan Olúwa.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ KÍLÁÀSÌ

Bí a ti ń yọ̀ sí ìmọ̀ titun yìí ni ọ̀ràn ọmọ kejì dé. Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni, ìyá rẹ̀ a máa ta ata ní ọjà Ìpàtà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ń gba owó ìwé, ó wá láìmú owó lọ́wọ́. A béèrè bí ìyá rẹ̀ ti fún un. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. A béèrè ibi tí owó wà, kò dáhùn. A tún béèrè, ó wolẹ̀. Àwa kò wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A pè é ní olè lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, a sì mú kí ó kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri títí agogo fi lù. Ọjọ́ mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin ìyá rẹ̀ wá. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ kí wa, àwa tí ó lè bí lọ́mọ, ó ní: “Ẹ̀yin Tíṣà, owó náà nìyí. Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ata mi ni mo ti rí i. Àpò ṣòkòtò rẹ̀ ti lu, kò sì mọ̀. Ó ní bí òun bá sọ pé owó bọ́, ẹ kò ní gbà á gbọ́.” Ó gbé owó náà sórí tábìlì, ó sì lọ.

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rí ohun tí a ṣe? Ọmọ náà tàsé. Àwa sì kọ ọ̀tẹ̀ sí i lọ́rùn. A ti mọ ‘chata’ àti ‘pesha’ nínú ìwé, a kò sì mọ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n dúró níwájú wa nínú ṣòkòtò tí àpò rẹ̀ lu.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà àwa méjèèjì kò fi ohùn kan. Ẹnìkan nínú wa wí pé kí a lọ bẹ ọmọ náà. Èkejì wí pé àgbà kì í bẹ ọmọdé, pé bí olùkọ́ bá bẹ ọmọ kan lónìí, kò sí ọmọ tí yóò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́ ní ọ̀la. Kí a kàn fà á mọ́ra, yóò yé e. Nígbà tí a kò lè parí rẹ̀, a lọ sí ilé wọn láti bẹ ìyá rẹ̀, bàbá àgbà ọmọ náà ni a sì bá ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Àáfà ni, ó ti darúgbó, wàláà àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. A rò gbogbo rẹ̀ fún un, a sì sọ fún un nípa ọ̀rọ̀ Hébérù tí a ń kọ́.

Ó mi orí. Ó ní ní èdè Lárúbáwá pẹ̀lú, ‘khata’ ni àṣìṣe, ẹni tí ó ta ọfà tí kò bà ni a sì ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣàpèjúwe. Lẹ́yìn náà ó wò wá, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti fẹ́ kí ọmọ túúbá fún ohun tí kò ṣe. Ẹ̀yin ni túúbá kàn. Ẹni tí ó gbé ẹrù ka ọmọdé lórí ni kí ó sọ̀ ọ́.”

Túúbá tí ó wí yìí, láti inú Lárúbáwá ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wa, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí ènìyàn padà. Ìbátan rẹ̀ ni ‘shuv’ ti Hébérù, èyí tí àwọn wòlíì fi ń pe Ísírẹ́lì pé kí wọ́n yí padà. Bàbá náà kò ka ìwé tiwa, ṣùgbọ́n ó ti sọ ohun tí a ń wá kiri.

Ọ̀RỌ̀ MẸ́TA FÚN ÌDÁRÍJÌ

Èkíní nínú ọ̀rọ̀ ìdáríjì ni ‘nasa’. Kò ní ìtumọ̀ mìíràn ju pé kí á gbé nǹkan sókè, kí á rù ú, kí á gbé e lọ. Òun ni ọ̀rọ̀ tí Káínì lò nígbà tí ó wí pé òun kò lè ru ‘avon’ òun. Òun ni àwọn arákùnrin Jósẹ́fù lò ní Gẹ́nẹ́sísì 50:17 nígbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó dárí ‘pesha’ àwọn jì wọ́n. Òun ni a lò ní Léfítíkù 16:22 fún ewúrẹ́ tí ó ru gbogbo ‘avon’ àwọn ènìyàn lọ sí aginjù. Nínú Ẹ́kísódù 34:7, níbi tí Olúwa ti pe orúkọ ara rẹ̀ fún Mósè, ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ‘avon’ àti ‘pesha’ àti ‘chata’, tẹ̀lé ara wọn, ‘nasa’ kan ṣoṣo sì ni ó gbé gbogbo wọn.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tiwa, dáríjì, yóò gbọ́ ‘orí’ nínú rẹ̀. Orí sì ni àwa Yorùbá fi ń ru ẹrù. Nítorí náà kò ṣòro fún ọmọ Ìpàtà láti mọ ‘nasa’: kí ó rántí aláàárù tí ó ti dé ibi tí ó ń lọ, tí kò lè dá ẹrù náà sọ̀, tí ó ń wí pé, “Ẹ sọ̀ mí.” Ẹni tí ó sọ ọ́ níláti fi ọwọ́ kan ẹrù náà. Ìwúwo rẹ̀ yóò kan òun pẹ̀lú.

Èkejì ni ‘kipper’. Èyí ni Bíbélì wa pè ní ṣíṣe ètùtù, nínú rẹ̀ sì ni orúkọ Ọjọ́ Ètùtù àwọn Júù, Yom Kippur, ti jáde. Nígbà tí Jákọ́bù rán ẹran ọ̀sìn ṣáájú sí Ísọ̀ ní Gẹ́nẹ́sísì 32:20, ‘kipper’ ni ó lò: ó fẹ́ fi ẹ̀bùn tu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú. Ètùtù náà kò jìnnà sí èyí, nítorí ‘tù’ wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò fi ohùn kan lórí gbòǹgbò ‘kipper’. Àwọn kan wí pé bíbò ni, àwọn mìíràn wí pé nínù nù ni. Lẹ́tà mẹ́ta rẹ̀ wà nínú Lárúbáwá pẹ̀lú: láti inú wọn ni ‘kaffara’ ti jáde, èyí tí Mùsùlùmí fi ń wẹ ẹ̀bi nù, láti inú wọn náà sì ni kèfèrí ti wá, ẹni tí ó bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wò ó, bíbò méjì ni ó wà. Ẹnìkan bo òtítọ́. Ẹlòmíràn bo àbùkù ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀nà wọn kò pàdé.

Ẹ̀kẹta ni ‘salach’. Ọ̀rọ̀ yìí ga ju àwọn ìyókù lọ, nítorí pé nínú gbogbo Májẹ̀mú Láéláé, Ọlọ́run nìkan ṣoṣo ni ó ń ṣe é. Kò sí ibì kan tí a ti wí pé ènìyàn ‘salach’ ẹnìkejì rẹ̀. Nínú Númérì 14:19 àti 20, Mósè bẹ Olúwa kí ó ‘salach’ fún àwọn ènìyàn náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ‘nasa’ fún wọn láti Íjíbítì wá, Olúwa sì dáhùn pé òun ti ‘salach’. Kí ni èyí kọ́ wa? Pé ìdáríjì kan wà tí kò sí lọ́wọ́ wa láti fi fúnni, ṣùgbọ́n ‘nasa’ wà lọ́wọ́ wa. Jósẹ́fù wí pé òun kò sí ní ipò Ọlọ́run. Síbẹ̀ ó sọ ẹrù náà kúrò lórí àwọn arákùnrin rẹ̀, ó sì bọ́ wọn àti àwọn ọmọ wọn.

ÈSÌ TÍ A FÚN ÀWỌN ỌMỌ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọmọ náà mú un padà wá. Àwa méjèèjì dúró níwájú kíláàsì. A wí fún wọn pé ẹgbẹ́ wọn kì í ṣe olè. Pé owó bọ́ lápò rẹ̀. Pé àwa ni a ṣẹ̀ ẹ́, a sì bẹ̀ ẹ́ lójú wọn bí a ti dójú tì í lójú wọn. Ẹnu ya àwọn ọmọ. Èyí tí ó ti ń bẹ̀rù pé wọn kò ní bẹ̀rù wa mọ́ ríi pé ilé dákẹ́ ju bí ó ti ń dákẹ́ fún pàṣán lọ.

Lẹ́yìn náà ni a dá ọmọ tí ó béèrè nípa ìrékọjá lóhùn. A wí fún un pé: ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ré kọjá ni ó yàtọ̀. Nínú ẹ̀ṣẹ̀, ènìyàn ni ó ré òfin Ọlọ́run kọjá. Nínú àjọ, Ọlọ́run ni ó ré ilé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wà ní ilẹ̀kùn wọn kọjá, tí kò pa wọ́n. A sì fi Míkà 7:18 kún un, níbi tí wòlíì náà ti béèrè ta ni ó dàbí Ọlọ́run tí ń ‘nasa’ fún ‘avon’, tí ó sì ń ré ‘pesha’ kọjá. Òmíràn ni ọ̀rọ̀ Hébérù tí Míkà lò fún ríré kọjá níbẹ̀, kì í ṣe ti orúkọ àjọ náà. Ṣùgbọ́n ní Yorùbá, ìrékọjá pàdé ìrékọjá, ti Ọlọ́run sì borí ti ènìyàn. Ohun tí a ti rò pé ó jẹ́ àbùkù nínú ìtumọ̀ di ẹ̀kọ́ fún wa.

A kò ní purọ́ fún yín pé ohun gbogbo tọ́ ní ọjọ́ kan. Ọmọ náà kò dá wa lóhùn ní òwúrọ̀ náà. Ó lọ jókòó lẹ́yìn, kò sì padà sí ìjókòó rẹ̀ níwájú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. ‘Avon’ kì í tètè bọ́ lọ́rùn, pàápàá èyí tí ẹlòmíràn gbé kọ́ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí iṣẹ́ wa parí, òun ni ó wá gbé àpótí ìwé wa rù dé ojú títì. Nígbà tí a dé ibẹ̀ ó dúró, ó wí pé, “Tíṣà, ẹ sọ̀ mí.” Àwa méjèèjì na ọwọ́, a sì sọ̀ ọ́.

Àgbà Yorùbá wí pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí á fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. A fi èyí kún un, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa: kí á tó gbé ọwọ́ ọ̀tún náà rárá, kí á kọ́kọ́ wádìí bóyá ọmọ náà ṣọ̀tẹ̀ ni, tàbí ó wọ́, tàbí ó kàn tàsé. Kí Ọlọ́run kí ó fún wa ní ojú tí yóò máa fi rí ìyàtọ̀, kí ó sì fún wa ní ọwọ́ tí kò ní tijú láti sọ ẹrù.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú Orin Dáfídì 32:1 àti 2, ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Wá wọn, kí o sì sọ ohun tí a ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

2. Ọmọ kan da tàdáwà sórí ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè wo ni ìwọ yóò bi í kí o tó mọ̀ bí ‘chata’ ni tàbí ‘pesha’?

3. Ó ha yẹ kí olùkọ́ bẹ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Sọ ìdí rẹ.